Ẹni tó ra jíìmù, ṣé ó ra àwa náà mọ́ ọn?

Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ajé kan ni mo dé ẹnu géètì jíìmù tí mò ń lọ ní Bódìjà, ni mo bá bá ṣéènì tuntun lẹ́nu ọ̀nà, àgádágodo ńlá kan sì kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n lẹ pépà funfun kan mọ́ irin géètì. Òjò òru ti rin ín, yíǹkì ara rẹ̀ ti ń ṣàn wálẹ̀, àmọ́ ó ṣì ṣeé kà: àkóso tuntun ti gba ibẹ̀, wọn yóò ṣí láìpẹ́. Bàbá tó ń ṣọ́nà jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó fi aṣọ òtútù bora. Ó kí wa, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni àwọn tó ni ibí kó fáìlì wọn lọ. Èmi náà ò tíì rí owó oṣù mi gbà."

Àwa bíi mẹ́sàn-án la dúró síbẹ̀ nínú òtútù ìdájí. Ọ̀kan nínú wa ni ìyá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì. Dókítà ló ní kí ó máa rìn dáadáa nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àdúgbò rẹ̀ ò sì ṣeé rìn nítorí ọ̀kadà àti kòtò, ìdí nìyẹn tó fi ń wá rìn lórí treadmill, ẹ̀rọ tí èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ lójú kan, láràárọ̀. Ó ti san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù Ṣẹẹrẹ, torí wọ́n ní ẹni tó bá san ti oṣù mẹ́wàá yóò fi lo oṣù méjìlá. Ìparí oṣù Karùn-ún la wà lọ́jọ́ náà, ó ku oṣù méje gbáko fún un. Mọ́mì wo pépà náà títí, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ tó o máa ń kọ̀wé, jọ̀ọ́, ẹni tó ra jíìmù yìí, ṣé kò ra àwa náà mọ́ ọn ni?"

Mi ò rí èsì fún un. Mo ti ń wá èsì náà kiri láti ìgbà yẹn, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ níbí, torí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti jíìmù kan ṣoṣo nílùú yìí.

Ẹni tó bá ti ń gbé Ìbàdàn tipẹ́ mọ irú jíìmù tí a ní tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan ni, páànù lókè, ilẹ̀ lásán nísàlẹ̀. Wọ́n á wá agolo ọ̀dà méjì, wọ́n á rọ kọnkéré kún wọn, wọ́n á ki páìpù irin bọ̀ ọ́ láàárín kí ó tó gan. Bó bá gbẹ tán, irin gbígbé dé nìyẹn. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ kílò rẹ̀ sí i lára, kílò tí òṣùwọ̀n kankan ò jẹ́rìí sí. Ẹni tó ni ibẹ̀ náà ló ń kọ́ èèyàn, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń gba owó táṣẹ́rẹ́ tí ẹ bá mú wá lọ́jọ́ náà. Bó bá kó kúrò ládùúgbò, jíìmù tán nìyẹn, kò sí ẹni tí yóò pàdánù ju owó ọjọ́ kan lọ.

Eré agbára kì í ṣe àjèjì sí wa. Liberty Stadium, tí a ń pè ní Obafemi Awolowo Stadium báyìí, ni Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti na Gene Fullmer ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, 1963, tí kò jẹ́ kí bẹ́líìtì àgbáyé rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ìlú ṣì ń ròyìn òru ọjọ́ náà bí ẹni pé àná ni. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé mímú ara le ti di òwò tí iléeṣẹ́ ńláńlá ń du mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ẹ gba Bódìjà lọ sí Akobo lónìí, tàbí kí ẹ gba Ring Road yọ sí Olúyọ̀lé, ẹ ó rí i: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onígíláàsì, ẹ̀rọ amúlétutù, orin tó ń dún kíkan, àti ọ̀wọ́ treadmill tí wọ́n kọ ojú wọn sí títì kí èrò ọ̀nà lè rí àwọn tó ń sáré lórí wọn. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní kíkún ní oṣù Kẹfà 2021. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ Èkó ṣiṣẹ́ ti wá gbé ìdílé wọn wá síbí nítorí owó ilé, wọ́n sì kó ìgbé ayé Èkó dání. Àwọn oníjíìmù ẹlẹ́ka púpọ̀ náà ṣí ojú sí ìlú wa. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ní Nàìjíríà ni i-Fitness, tí Foluso Ogunwale dá sílẹ̀ ní Èkó, tí ẹ̀ka rẹ̀ ti lé ní 20 báyìí.

Bí ẹ̀ka bá ti pọ̀, òwò náà ti di ohun tó ṣeé tà. Jíìmù oníkọnkéré ò ṣeé tà, torí ara ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ so rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ogún ilé tó ń jẹ́ orúkọ kan, tó ń lo áàpù kan, tó ń gba iye owó kan náà, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè rà á lọ́jọ́ Ẹtì kí ó máa darí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé láìmọ bí wọ́n ṣe ń gbé irin.

Kí wá ni ẹni náà ń rà gan-an? Èmi ti kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ni. Kì í ṣe ẹ̀rọ, torí ọjọ́ tí wọ́n bá ti tú ẹ̀rọ nínú páálí ni iye rẹ̀ ti ń já. Kì í ṣe ilé, torí ilé onílé ni ọ̀pọ̀ wọn háyà. Àwa ni wọ́n ń rà: orúkọ wa nínú ìwé, àti ìdánilójú pé owó yóò máa wọlé, yálà a yọjú tàbí a ò yọjú.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni gbogbo òwò jíìmù dúró lé. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, yẹ àkọsílẹ̀ èèyàn tó lé ní 7,000 wò ní jíìmù mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 2006. Àwọn tó ń san owó oṣooṣù tó ju dọ́là 70 lọ kì í wá ju bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù. Ẹ pín in wò: ó ń ná wọn ní ohun tó lé ní dọ́là 17 ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ jíìmù kan náà ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà mẹ́wàá fún dọ́là 100, tí í ṣe dọ́là 10 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń san owó lé orí èrò rere tí wọ́n ní nípa ara wọn, pé bó pẹ́ bó yá àwọn yóò máa lọ lójoojúmọ́. Mo mọ èrò yẹn dáadáa. Ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Planet Fitness, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Dover ní New Hampshire ní 1992, gbé e dé góńgó. Dọ́là 10 lóṣù ni wọ́n gbé kalẹ̀, iye tí kò ní mú ẹnikẹ́ni rántí láti lọ fagi lé orúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníròyìn rédíò NPR wá a wò ní 2014, wọ́n rí i pé ẹ̀ka kan ní tó èèyàn 6,500 lórí ìwé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé wọn ò lè gbà ju bí 300 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìpín iléeṣẹ́ náà lọ sí ọjà New York. Báńkì nìkan ni òwò mìíràn tí mo mọ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí gbogbo oníbàárà òun má ṣe wá lọ́jọ́ kan náà.

Owó tó ń wọlé láìdábọ̀ báyìí ló ń fa ojú àwọn olùdókòwò mọ́ra. Èyí ni ibi tó yẹ kí a ti la ojú wa, torí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ra jíìmù ló máa ń sọ bí yóò ṣe parí. Ará Ìbàdàn kò ní pẹ́ lóye rẹ̀, torí a mọ Micra. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà Micra tó ń ná Mọ́kọ́lá sí Challenge, háyà pọ́ṣéèsì ni ọkọ̀ tó ń wà. Ẹnì kan ló fi owó ra ọkọ̀ náà, dírẹ́bà á máa jíṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tí yóò fi san án tán, tòun ti èlé. Ọkọ̀ náà ló ń fi èémí ara rẹ̀ san gbèsè ara rẹ̀. Bí táyà bẹ́, bí ẹ́ńjìnnì kọṣẹ́, bí òjò rọ̀ tí èrò ò jáde, ọjọ́ ìjíṣẹ́ ò yẹ̀.

Báyìí gẹ́lẹ́ ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń kó owó àwọn olówó jọ láti fi ra òwò ẹlòmíràn ṣe ń ra jíìmù. Wọ́n á mú díẹ̀ nínú owó tiwọn jáde, wọ́n á yá èyí tó kù, wọ́n á sì gbé gbèsè náà kọ́ jíìmù lọ́rùn pé kí ó máa jíṣẹ́. Mark Mastrov ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó wá di 24 Hour Fitness, ní California ní 1983. Ní 2005, iléeṣẹ́ Forstmann Little rà á ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.6 dọ́là. Ní 2014, AEA Investors àti àwọn alájọrà rẹ̀ tún rà á ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.85. Nígbà tí Kòrónà wá ti gbogbo ilẹ̀kùn pa ní 2020, owó dúró, gbèsè ò dúró. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n sá lọ sí ilé ẹjọ́ kí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn olówó. Ẹ̀ka tó lé ní 100 ni wọ́n tì tí wọn ò ṣí mọ́. Kí ọdún tó parí, àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló ti di ẹni tó ni ín.

Ìtàn tó sún mọ́ ìbéèrè Mọ́mì jù ni ti Gúúsù Áfíríkà, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ní àwọn ọdún 1990, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ LeisureNet ló ni àwọn jíìmù Health and Racquet Club káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ilé ńláńlá ni wọ́n, pẹ̀lú odò ìwẹ̀ àti pápá squash. Nígbà tí Discovery, àwọn oníbánigbófò ìlera, bẹ̀rẹ̀ ètò Vitality wọn ní 1997, jíìmù yìí ni wọ́n kọ́kọ́ so pọ̀ mọ́, kí àwọn oníbàárà wọn lè máa lò ó ní ẹ̀dínwó. Èèyàn ń rọ́ wọlé. LeisureNet ń gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ti ọdún púpọ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ san ti gbogbo ayé wọn. Owó ọ̀la ni wọ́n ń gbà, òní ni wọ́n ń ná an: wọ́n fi ń ṣí ilé tuntun nílé àti lókè òkun, owó ilé tuntun ni wọ́n sì fi ń gbé ti àtijọ́ ró. Ní oṣù Kẹwàá 2000, gbogbo rẹ̀ wó. Lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ dá àwọn ọ̀gá àgbà rẹ̀ méjì lẹ́bi ẹ̀sùn jìbìtì.

Richard Branson, ará Gẹ̀ẹ́sì tó dá Virgin sílẹ̀, ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé Nelson Mandela ló pe òun lórí fóònù, tó bẹ òun kí òun wá gba àwọn jíìmù náà kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́. Virgin Active, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1999, ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní 2001. Kò lé àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde, ó gbà wọ́n wọlé lábẹ́ àdéhùn tuntun. Àánú nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Ẹni tó ra jíìmù tó lé àwọn ará ibẹ̀ dànù, ògiri àti omi inú odò ìwẹ̀ ló rà.

Látìgbà náà, orúkọ Virgin ò kúrò lára ògiri, àmọ́ ẹni tó ni ibẹ̀ ń yí padà. Ní 2011, àwọn olùdókòwò CVC Capital Partners gba ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2015, Brait, tí olówó Gúúsù Áfíríkà nì, Christo Wiese, ní ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ra bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 680 pọ́ùn. Ó wá ku ìpín kékeré fún Virgin, àti orúkọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀ka: ní 2016, 35 lọ sọ́wọ́ Nuffield Health, àjọ aláàánú tó tún ní ilé ìwòsàn. Ẹlòmíràn sùn sí Virgin Active, ó jí sí Nuffield. Kòrónà náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù Karùn-ún 2021, ilé ẹjọ́ gíga ní London fọwọ́ sí ètò tí wọ́n fi gé owó tí wọ́n jẹ àwọn onílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ onílé kọ̀ jálẹ̀. Ní 2022, Virgin Active pawọ́ pọ̀ mọ́ Kauai, àwọn olóúnjẹ aṣaralóore ní Gúúsù Áfíríkà, Dean Kowarski tó ń darí Kauai ló sì di ọ̀gá gbogbo rẹ̀.

Bí èyí bá dún bí ìtàn òkèèrè, ẹ rántí Shoprite. Ní 2021, àwọn ará Gúúsù Áfíríkà tó ni ín ta òwò wọn ní Nàìjíríà fún Ketron Investment, iléeṣẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Pátákó tó wà ní Dùgbẹ̀ ò yí padà lọ́jọ́ náà. Èmi ṣì ń ra búrẹ́dì níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí n tó mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń gba owó mi. Ẹni tó ni orúkọ àti ẹni tó ni ọjà lè má jẹ́ ẹnì kan náà, pátákó ò sì ní sọ fún yín.

Níbòmíràn, gbogbo wàhálà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ kan oníbàárà, torí báńkì ló ń yọ owó jíìmù lóṣooṣù. Bí ilé bá tì lónìí, oṣù kan péré lẹ pàdánù. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n fẹ́ kí ẹ san oṣù mẹ́ta, mẹ́fà, ọdún kan sílẹ̀. Mo ti bá àwọn mánéjà jíìmù sọ̀rọ̀, mo sì lóye ìdí wọn. Ní oṣù Kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù) fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan, ẹ sì mọ iye iná tí ogún treadmill pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù ń jẹ lójúmọ́. Bí IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, bá mú un, dísù ni. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé ti kọjá ₦1,500 nígbà tó di 2024. Ká ní treadmill kan jẹ́ dọ́là 5,000: mílíọ̀nù méjì lé ní ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà ni tẹ́lẹ̀, ó di mílíọ̀nù méje àbọ̀. Lánlọ́ọ̀dù náà ò gba oṣooṣù, owó ọdún méjì ló ń béèrè. Níbo ni oníjíìmù fẹ́ rí irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí kì í bá ṣe lọ́wọ́ wa?

Nítorí náà mi ò bínú pé wọ́n ń gba àsansílẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ń ná an bí èrè. Alájọ tó gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà mọ̀ pé owó yẹn kì í ṣe tòun, bó tilẹ̀ wà nínú àpò òun. Owó tí Mọ́mì san ní oṣù Ṣẹẹrẹ, gbèsè ni lọ́rùn jíìmù. Ojoojúmọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún un ni wọ́n ń san díẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ṣéènì kọ́ géètì, gbèsè oṣù méje ló wà nílẹ̀. Òun ni báńkì wọn, kò sì mọ̀.

Ta ló wá jogún gbèsè náà? Ibi tí mo ti rí èsì fún Mọ́mì nìyí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ta irú òwò báyìí. Ọ̀kan ni pé kí wọ́n ta ìpín iléeṣẹ́ náà. Ó dà bí ẹni tó ra ilé pẹ̀lú ayálégbé nínú: onílé tuntun ò lè sọ fún ẹni tó ti san owó ọdún kan pé òun ò mọ̀ ọ́n rí, torí iléeṣẹ́ tó gba owó yín ṣì wà, ọwọ́ tó dì í mú nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n ta ẹrù inú ilé. Ẹni tó ra àga, fírísà àti fèrèsé kò jẹ ayálégbé ní kọ́bọ̀. Iléeṣẹ́ àtijọ́ ṣì wà lórí ìwé, òun ló jẹ yín, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo. Bí ó bá sì wọ gbèsè pátápátá, báńkì tó ní ohun ìdúró lọ́wọ́ ló ń kọ́kọ́ mú tirẹ̀. Àwa tí a san àsansílẹ̀ wà lẹ́yìn tìtì.

Ní jíìmù wa, ọ̀nà kejì ni wọ́n gbà. Àwọn tuntun ra ẹ̀rọ, wọ́n bá lánlọ́ọ̀dù ṣe àdéhùn tuntun, ó parí. Kò sí ẹni tó rà wá.

Òfin ò fi wá sílẹ̀ pátápátá. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, sọ ọ́ ní abala 120 pé oníbàárà lè fagi lé ohun tó ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì yọ iye tó bá tọ́ nìkan kí wọ́n tó dá owó rẹ̀ padà. Òfin kan náà ní kí wọ́n kọ àdéhùn ní èdè tó yéni. Òfin iléeṣẹ́ ti 2020 sì ní kí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ẹni tó bá ní ìpín 5 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn. CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ti gbé àkójọ orúkọ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èèyàn láti oṣù Karùn-ún 2023. Ohun tó máa ń dí èèyàn lọ́wọ́ ni pé orúkọ tó wà lórí pátákó jíìmù kì í sábà jẹ́ orúkọ tí iléeṣẹ́ fi sílẹ̀ ní CAC. Inú rìsíìtì ni orúkọ yẹn máa ń wà, tàbí orúkọ àkáǹtì tí ẹ san owó sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ san owó ọdún kan kí ó béèrè rìsíìtì tó ní orúkọ iléeṣẹ́ náà ní kíkún, kí ó sì béèrè ní gbangba pé: bí ẹ bá ta ibí, ta ni yóò parí oṣù mi fún mi? Bí wọn ò bá lè kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó san ti oṣù kan. Ó lè wọ́n ju ti ọdún lọ, ó sàn.

Ohun kan tún wà tí a ò sábà rántí. Jíìmù ní ìwọ̀n ara wa, ẹ̀jẹ̀ ríru wa, nọ́ńbà fóònù wa, nígbà mìíràn àtẹ̀ka wa. Òfin ààbò dátà ti 2023 ò gbà kí wọ́n kàn kó o fún ẹni tó bá wù wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ṣéènì yẹn, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí, ó fi orúkọ mi kí mi, ó ní òun ní oògùn ìsanra.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n ṣí ibẹ̀. Wọ́n ti kun ilé, pátákó tuntun ti gòkè, àwọn treadmill kan náà ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan tí bẹ́líìtì rẹ̀ máa ń han tẹ́lẹ̀ ṣì ń han. Mánéjà tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ èèyàn kí, ní ẹni tó bá mú ẹ̀rí owó àtijọ́ wá yóò lo oṣù mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kì í ṣe pé àwọn jẹ wá, àwọn fẹ́ kí a dúró ni. Tèmi wà lórí fóònù, àlẹ́ẹ̀tì báńkì ni, ó gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mọ́mì san tirẹ̀ ní owó lọ́wọ́. Inú ìwé gbọọrọ kan aláwọ̀ búlúù ni akọ̀wé wọn kọ orúkọ rẹ̀ sí, Mọ́mì fọwọ́ sí i, ó gbàgbé láti gba rìsíìtì. Ìwé náà wà lára fáìlì tí wọ́n kó lọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àwa mẹ́rin la bá a dúró níwájú tábìlì, tí a jẹ́rìí pé a jọ ń wá láti oṣù Ṣẹẹrẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ́tí sí gbogbo wa, ó ní, "Mo gbà yín gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń ṣí ilẹ̀kùn báyìí, ohun tí mo bá kọ síbẹ̀, ọ̀gá mi ní Èkó ń rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan kan fún mi." Mọ́mì ní kò burú, ó gbé báàgì rẹ̀.

Inú Yunifásítì Ìbàdàn ló ti ń rìn báyìí láàárọ̀. Ó ń wọ Micra méjì lọ, ó ń wọ méjì bọ̀, kí ó tó lè rí ibi tí ẹsẹ̀ ti balẹ̀ láìsí ọ̀kadà. Mo pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá lẹ́bàá géètì, ó ti làágùn, ó fi ìborùn nu ojú. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Kó tó dáhùn, ó ti bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti gbúròó ìwé búlúù yẹn.